Ọwọ́ Ta Ni Ó Ju Òrùka Náà Sínú Òkun?

Ìbéèrè kan wà tí àwa tí a ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn kò lè sá fún títí láé, bí ó tilẹ̀ wù wá láti sá fún un: bí ọmọ bá gbọ́ ti àgbà, tí ìgbọràn náà sì mú ìbànújẹ́ wọ inú ayé rẹ̀, ọrùn ta ni ẹ̀bi yóò wà? Ní ojoojúmọ́ ni a ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní òfin karùn-ún, a sì ń fi yé wọn pé ọmọ tí kò gbọ́ ti ìyá, tí kò gbọ́ ti bàbá, òde ni yóò ti kọ́ ọgbọ́n. Ẹ̀kọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n a kì í sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tí ó gbọ́, tí ó ṣe bí a ti wí, tí ó sì wọ inú yàrá lọ láti sunkún. Ìtàn obìnrin kan ní ilẹ̀ Íńdíà ni ó mú kí a máa ro ọ̀ràn yìí láti ìgbà díẹ̀ wá. Òṣèré àti olórin sinimá ni obìnrin náà í ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń wí nínú ara rẹ̀ pé kí ni ó kàn wá nínú ọ̀ràn àwọn òṣèré, a bẹ̀ ẹ́ kí ó mú sùúrù díẹ̀.

Suraiya ni a ń pè é. Ní ọdún 1929 ni a bí i ní ilẹ̀ Punjab, ọmọ kan ṣoṣo tí àwọn òbí rẹ̀ ní. Mùsùlùmí ni gbogbo ilé wọn. Nígbà tí ó ṣì kéré ni wọ́n kó lọ sí Bombay, ìlú tí a ń pè ní Mumbai nísinsin yìí, níbi tí a ti ń ṣe fíìmù ní èdè Hindi. Ohùn rẹ̀ ni a fi mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1942, Naushad, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tí ń ṣe orin fún sinimá, mú un kọrin nínú fíìmù tí a ń pè ní Sharda. Ọmọ ọdún bí 13 ni nígbà náà. Ó kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ní láti gbé àpótí sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ lè dé ibi ẹ̀rọ tí ń gba ohùn. Obìnrin kan tí ó ti dàgbà, Mehtab, ni ènìyàn ń rí nínú àwòrán tí ó ń ṣí ẹnu. Ọmọdé yìí ni ó ń kọrin.

Láti ìgbà náà ni ọ̀nà rẹ̀ ti là. Ó bá K. L. Saigal ṣeré, ẹni tí òkìkí ohùn rẹ̀ kàn ká gbogbo Íńdíà. Ní ọdún 1946 ó wà nínú Anmol Ghadi pẹ̀lú Noor Jehan. Nígbà tí a pín ilẹ̀ náà sí méjì ní ọdún 1947, Noor Jehan kó lọ sí Pakistan, Suraiya dúró. Ní ọdún 1948 àti 1949, Pyar Ki Jeet, Badi Behen àti Dillagi sọ ọ́ di ẹni tí èrò ń wọ́ tẹ̀ lé, ó sì wà nínú àwọn obìnrin òṣèré tí owó iṣẹ́ wọn pọ̀ jù lọ. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìkẹyìn tí ń fi ẹnu ara wọn kọ orin inú eré wọn. Lẹ́yìn wọn, ẹlòmíràn ni yóò kọrin, òṣèré yóò kàn máa mi ètè.

Ní ẹnu iṣẹ́ yìí ni ó ti pàdé Dev Anand. Ọmọ Punjab ni òun náà, a bí i ní ọdún 1923, ó kàwé ní Lahore. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́sìn Híńdù ni. Nígbà tí wọ́n ń ṣe fíìmù Vidya, tí ó jáde ní ọdún 1948, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n wà nínú rẹ̀ dojú dé, Dev Anand sì fa obìnrin náà yọ kúrò nínú omi. Láti ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti dé. Fíìmù 7 ni wọ́n jọ ṣe títí di ọdún 1951. Suraiya ni ó lókìkí jù nínú àwọn méjèèjì nígbà náà. Ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀ ni. Nígbà tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Chetan dá ilé iṣẹ́ Navketan sílẹ̀ ní ọdún 1949, Suraiya ni ó ṣe olórí òṣèré nínú Afsar, fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe.

Ìyá ìyá Suraiya, Badshah Begum, ni ohùn rẹ̀ ń múlẹ̀ jù nínú ilé náà. Òun ni ó máa ń tẹ̀ lé ọmọ yìí lọ sí ibi iṣẹ́. Nígbà tí ó rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ó kọ̀ jálẹ̀: ọmọ Mùsùlùmí kò ní fẹ́ Híńdù. Ìyá tí ó bí Suraiya kò lòdì sí i, ṣùgbọ́n ti ìyá àgbà ni ó borí. A bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọmọ náà, títí tí a fi ka bíbá ọkùnrin náà ṣeré pàápàá léèwọ̀ fún un.

Kí a má ṣe yára dá ìyá àgbà yìí lẹ́bi. Ẹ jẹ́ kí a rántí ìgbà tí ó jẹ́. Nígbà pípín ọdún 1947, Híńdù, Mùsùlùmí àti Sikh pa ara wọn lọ bí ẹran. Àwọn tí ó sá kúrò ní ilé baba wọn ju mílíọ̀nù 10 lọ, Punjab tí ìdílé yìí ti wá sì wà nínú àwọn ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn jù. Àgbà tí ó rí irú ọdún bẹ́ẹ̀, tí ó sì wí pé ọmọ òun kò ní wọ ilé àwọn ẹni yẹn, a kò lè pè é ní ìkà lásán. Àgbà kì í wà ní ọjà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èyí gan-an ni ó mú ọ̀ràn náà le. Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn búburú ni Badshah Begum, ìdájọ́ ìbá rọrùn, àwa ì bá má sì kọ ìwé yìí.

Dev Anand ra òrùka, ó sì fi ránṣẹ́ sí i. Òrùka náà dé ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n inú òkun ni ó parí sí. Ìròyìn kò ṣe ọ̀kan lórí ẹni tí ó jù ú. Àwọn kan ní ìyá àgbà ni ó gbà á tí ó sì sọ ọ́ nù. Àwọn mìíràn ní Suraiya fúnra rẹ̀ ni ó lọ sí etí òkun tí ó jù ú. A ti ro ibi yìí títí, nítorí ní ojú tiwa, inú rẹ̀ ni gbogbo ìbéèrè wa wà.

Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ìyá àgbà ni, a ó wí pé a fi ipá jẹ gàba lé ọmọ náà lórí. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ Suraiya ni, a ó wí pé òun ni ó yàn, kí ó gbé ẹrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò jìnnà sí ara wọn bí a ti rò. Ọmọ tí a ti tọ́ láti kékeré pé ìfẹ́ àgbà ni ìfẹ́ Ọlọ́run, ọwọ́ rẹ̀ lè ju òrùka kí ó sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó jù ú. Síbẹ̀ a kò fẹ́ sọ èyí ju bí ó ti yẹ lọ, kí a má baà sọ obìnrin náà di ọmọ ọwọ́. Ó ti lé ní ọmọ 20 ọdún. Ó ń fi iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹun. Nígbà tí ó dàgbà, kò di gbogbo ẹ̀bi ru ìyá àgbà. Ó jẹ́wọ́ pé òun kò ní ìgboyà tó. Ọ̀rọ̀ yìí mú kí a bọ̀wọ̀ fún un, nítorí pé ẹni tí ó ti jìyà tó báyìí kì í sábà bá ara rẹ̀ wí.

Ti àwa àgbà ńkọ́? Ní ilẹ̀ wa, kí ìgbéyàwó tó dé, àwọn ẹbí a máa wádìí: ìwà, àrùn, gbèsè, ìran. Ẹ̀tọ́ ni. Kí àgbà kìlọ̀, ẹ̀tọ́ ni. Kí ó sunkún pàápàá, ẹ̀tọ́ ni. Àwa tí a ń gba ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yẹ̀ wò kò sì ka ìyàtọ̀ ìsìn sí ohun kékeré. A ti rí irú ilé bẹ́ẹ̀ tí ó tòrò, a sì ti rí èyí tí ó tú ká. Ṣùgbọ́n ìwádìí yàtọ̀ sí ìdájọ́. Ẹni tí yóò sùn nínú ilé náà tí yóò sì jí nínú rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. A ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí ó bá di ọ̀ràn ìgbéyàwó, a a máa gbàgbé ìdajì kìn-ín-ní.

Ohun kan tún wà tí ó wúwo ju èyí lọ. Nígbà tí ọmọ bá ti gbọ́ ti wa, a máa ń rò pé ọ̀ràn ti parí, a ó sì yìn ín ní ọmọ rere. Kò parí. Ìgbà náà ni gbèsè tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àgbà kì í sì í pẹ́ tó láti san án tán. Dev Anand fẹ́ Kalpana Kartik, tí òun náà jẹ́ òṣèré, ní ọdún 1954. Suraiya kò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Ó kù fún un láti gbé 50 ọdún.

Àwọn kan a máa sọ ìtàn rẹ̀ bí ẹni pé ní ọjọ́ tí òrùka wọ inú omi ni òun náà kú. A kò fara mọ́ èyí; ẹni tí kò ní ọkọ kì í ṣe òkú. Ní ọdún 1954 kan náà ni ó ṣe Mirza Ghalib, fíìmù nípa akéwì ńlá ilẹ̀ Íńdíà, ó sì fi ohùn rẹ̀ kọ ewì ọkùnrin náà bí orin. Fíìmù náà gba àmì ẹ̀yẹ wúrà ti Ààrẹ ilẹ̀ náà, Nehru, olórí ìjọba nígbà náà, sì yìn ín gidigidi. Ní ọdún 1963 ni ó ṣe èyí tí ó kẹ́yìn, Rustom Sohrab, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà tí kò tíì pé ọmọ 35 ọdún. Ó ń bá ìyá rẹ̀ gbé títí ìyá náà fi kú.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2004 ni Suraiya kú ní Mumbai. Ní ọdún 2007, Dev Anand, tí ó ti lé ní ọmọ 80 ọdún, kọ ìtàn ayé ara rẹ̀ sínú ìwé, ó sì sọ ti òrùka náà nínú rẹ̀. Òun náà kú ní ọdún 2011. Ilé tí obìnrin náà gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún wà ní Marine Drive, òpópó tí ó dojú kọ òkun.