Ojú Odù ní Kíláàsì Kọ̀ǹpútà

Alhaji kan ní Ṣakí bi mí pé, "Tíṣà, ṣé Ifá lẹ wá ń kọ́ ọmọ wa báyìí?" Ẹ̀rù ń bà wọ́n lóòótọ́. Mùsùlùmí lèmi náà, n kò lè fọwọ́ rọ́ ìbéèrè wọn sẹ́yìn.

Ìlà ni wọ́n rí nínú ìwé ọmọ wọn. Iná kì í sí, epo jẹnẹrétọ̀ sì wọ́n, ṣọ́ọ̀kì ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà. Mo kọ àmì Ifá tí à ń pè ní Ogbè: ìlà kan, lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo kọ Ọ̀yẹ̀kú: ìlà méjì, lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo ní kí wọ́n wá gbogbo ojú àmì yòókù tó lè wà; àpapọ̀ gbogbo wọn pẹ̀lú méjì yìí jẹ́ 16. Bí a bá to méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí babaláwo ti ń tẹ̀ ẹ́ sójú ọpọ́n, ó di 256. Iye tí báìtì kan lè gbà nínú kọ̀ǹpútà gan-an nìyẹn: ipò mẹ́jọ ló ní, òdo tàbí oókan ló sì ń wà ní ipò kọ̀ọ̀kan, bí ìlà kan tàbí méjì ti ń wà nínú àmì.

Mo rán Alhaji létí pé àwọn àáfà kan pẹ̀lú ń tẹ yanrìn láti wo ọ̀la. Àmì 16 yìí náà ni tiwọn. Bí wọ́n bá pa méjì pọ̀, ibi tí àmì méjèèjì bá ti jọra, ìlà méjì ni wọ́n ń kọ; ibi tí àmì méjèèjì bá ti yàtọ̀, ìlà kan. Kọ̀ǹpútà ń ṣe irú ìṣirò yìí, XOR ni wọ́n ń pè é. Èmi ò fara mọ́ yanrìn títẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bi yanrìn léèrè ọ̀la ni mo ń bá wí. Ẹni tó kàn ń ka ìlà rẹ̀ ńkọ́? Àníyàn ni a fi ń wọn iṣẹ́ nínú ẹ̀sìn wa.

Ẹ tún wo Leibniz, ará Jámánì tó kọ̀wé lórí ìṣirò òdo àti oókan ní 1703: Kìrìsìtẹ́nì ni. Ó ní oókan dúró fún Ọlọ́run, òdo dúró fún òfo tí Ọlọ́run ti inú rẹ̀ dá ayé. Ìgbàgbọ́ tirẹ̀ nìyẹn. Kò bá ìṣirò náà wọ inú fóònù Alhaji.

N kò sọ fún ọmọ kankan pé babaláwo ló ṣe kọ̀ǹpútà, irọ́ ni. N kò sì ní sọ pé ìṣirò lásán ni Ifá, ìwọ̀sí ni fáwọn tó fi ọdún gbọọrọ kọ́ ẹsẹ rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn, ẹ yẹ ìwé àwọn ọmọ wò dáadáa. Bí ẹ bá rí ibi tí mo ti ní kí wọ́n difá, ẹ wá mú mi.