Ohun tí Òfin Kò Kà Léèwọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wí pé, bí ìjọba kò bá ṣe òfin lòdì sí ohun kan, ẹnikẹ́ni kò ní ẹ̀tọ́ láti pè é ní ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn kan dán ọ̀rọ̀ yìí wò.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1958, ilé-iṣẹ́ CBS ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ eré ìdíje kan lórí tẹlifíṣọ̀n ní ojú ọ̀sán, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dotto. Ọ̀gbẹ́ni Jack Narz ni atọ́kùn rẹ̀. Ènìyàn méjì ni í máa dáhùn ìbéèrè. Bí ẹnì kan bá gbà á, a ó fi ìlà so díẹ̀ pọ̀ nínú àmì 50 tí ń bẹ níwájú rẹ̀, títí àwòrán ènìyàn olókìkí kan yóò fi hàn. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dá a mọ̀ ni ó borí, tí ó sì gba owó. Ní oṣù karùn-ún, ọkùnrin kan tí ń retí kí ó kàn án rí ìwé kékeré tí obìnrin kan tí ó ń borí fi sílẹ̀. Ìdáhùn ni ó wà nínú rẹ̀! Àwọn tí ó ni eré ti fi í fún un ní ìkọ̀kọ̀. Nígbà tí ó di oṣù kẹjọ, eré náà ti parí. A wádìí Narz, a sì rí i pé kò mọ ohunkóhun.

Ní ọdún 1958, kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí ó dẹ́bi fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀; ọdún 1960 ni wọ́n tó ṣe é. Ǹjẹ́ ìwà náà dára títí di ọdún 1960? A kò gbà bẹ́ẹ̀. A ti ṣẹ́gun ẹnì kejì kí ó tó jókòó, a sì ti tan gbogbo àwọn tí ń wòran. Bí a bá wí pé eré lásán ni, eré ni ayò pẹ̀lú. Síbẹ̀ ẹni tí ó jí ọmọ ayò pamọ́ kì í ṣe ọ̀ta.

Ọ̀rọ̀ Narz ni ó kàn wá jù lọ. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ni irọ́ náà gbà jáde, ojú rere rẹ̀ ni a sì fi bò ó. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin alàgbà ìjọ, orúkọ yín ni àwọn ènìyàn ń wò kí wọ́n tó gba èsì ìdánwò tàbí ìṣirò owó gbọ́. Kò tó kí a má ṣe mọ̀. Ó yẹ kí a béèrè ohun tí ń bẹ lẹ́yìn wa kí a tó fi orúkọ wa sí i.