Ìmọ̀, Ìgbàgbọ́ àti Ìmọ́lẹ̀ Tí Ojú Kò Lè Rí

Nínú ìrònú Yorùbá, ojú ni olórí ẹlẹ́rìí. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Nígbà tí Barry Hallen àti J. Olúbí Ṣódípọ̀ tẹ ìwé wọn lórí ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́ jáde ní ọdún 1986, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ wá àwọn oníṣègùn lẹ́nu wò, ohun tí wọ́n rí dì mú ni pé èyí tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni à ń pè ní ìmọ̀. Èyí tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tí a sì gbà, ìgbàgbọ́ ni. Ìyàtọ̀ yìí tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n kí ni a ó pe ohun tí ojú ẹnikẹ́ni kò rí rí, tí kò sì lè rí láéláé?

Wilhelm Röntgen, ará Jámánì, ni ó ṣe alábàápàdé X-ray ní oṣù Kọkànlá ọdún 1895. Kò mọ ohun tí ó jẹ́, ni ó bá fún un ní X, lẹ́tà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fi ń dúró fún ohun àìmọ̀. (Mo fẹ́ràn ọ̀mọ̀wé tí ó bá fi àìmọ̀ ara rẹ̀ sọ nǹkan lórúkọ.) Gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n ní ilé ìwòsàn: ó ń la ẹran ara kọjá, egungun ni ó ń dá a dúró. Oòrùn àti ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ náà ń tan irú ìmọ́lẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í dé ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó wà lókè orí wa fúyẹ́ lójú wa, síbẹ̀ bí a bá gbé gbogbo rẹ̀ wọ̀n, ó tó omi tí ó jìn ní mítà 10. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀ náà, àfi kí ó rán ẹ̀rọ lọ kọjá afẹ́fẹ́.

Riccardo Giacconi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1962 pẹ̀lú rọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò pẹ́ lókè. Èyí tí ó sún mọ́ wa ni ti ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, ọdún 1970, nígbà tí sátẹ́láìtì kan gbéra láti orí pèpéle inú òkun nítòsí Malindi ní Kenya. Ọjọ́ náà ni ó pé ọdún 7 tí Kenya gba òmìnira, wọ́n sì sọ ọ́ ní Uhuru, èyí tí í ṣe òmìnira ní èdè Swahili. Nǹkan bí ìgbà 14 lójúmọ́ ni ó ń kọjá lójú sánmà ní gúúsù Èkó, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀.

Lára ohun tí Uhuru rí ni Cygnus X-1, tí X-ray rẹ̀ ń ṣẹ́jú wéréwéré. Wọ́n ní ó lè jẹ́ ìràwọ̀ tí ó ti wó lu ara rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ kò sì lè jáde nínú rẹ̀ mọ́. Ohun tí ó ń já bọ́ sínú rẹ̀ ni ó ń gbóná tí ó ń tan X-ray.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan gbọ́ èyí, ó ní: “Ẹ jọ̀wọ́ sà, àwọn náà ṣáà ní àwọn rí ohun tí a kò rí. Kí ni wòlíì wá ṣe tí ẹ fi ń bá a wí?” Ìbéèrè gidi ni. Ní Ayọ̀bọ̀ tí mo ń gbé, pátákó àwọn aríran kò ṣọ̀wọ́n. Mo mọ ìdílé kan tí ó fọ́ nítorí pé aríran sọ fún ìyàwó ilé pé ìyá ọkọ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó bímọ.

Èmi náà kò fọwọ́ kan Uhuru rí. Ìgbàgbọ́ ni tèmi. Ẹ̀rọ kọ́ ni ó sì fa ìyàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àwọ̀ òyìnbó. Àwọn tí wọ́n rí Cygnus X-1 sọ ibi tí ó wà. Àwọn mìíràn, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Kánádà, wá gbé awò ìmọ́lẹ̀ lásán sí ibẹ̀ ní ọdún 1971, wọ́n sì bá ìràwọ̀ ńlá kan tí ohun tí a kò rí ń fà yípo ní ọjọ́ 5 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Bí wọn kò bá rí nǹkan kan ni, ọ̀rọ̀ ìbá wó lé àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ lórí. Ibo ni a ó gbé awò sí ní ti ìyá ọkọ? Bí ó bá sunkún, wọ́n á ní ẹ̀bi ń jẹ ẹ́. Bí ó bá dákẹ́, wọ́n á ní ó ń gbèrò ibi. Kò sí ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ tí yóò sọ aríran di onírọ́, nítorí náà orí arúgbó nìkan ni gbogbo ẹrù wà. Kí a má sì sọ pé àṣà wa ni ó kọ́ wa bẹ́ẹ̀: àwọn oníṣègùn tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan béèrè fún ìdánwò kí ìgbàgbọ́ tó lè di ìmọ̀.

Ní ọdún 1974, Stephen Hawking, ògbóǹtarìgì onímọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá Kip Thorne ta tẹ́tẹ́ pé Cygnus X-1 kì í ṣe irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1990, nígbà tí ẹ̀rí ti pọ̀ jù, ó fi ìka tẹ ìwé tẹ́tẹ́ náà pé òun ti pàdánù. Ní ti Ayọ̀bọ̀, ìyàwó ilé yẹn bímọ ní ọdún kẹta, aríran sì ní àdúrà òun ni ó ṣe é. Ìyá ọkọ ti kó lọ bá àbúrò rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ṣáájú ìgbà náà, kò sì sí ẹni tí ó lọ mú un padà.