Ẹni Tó Gba Ẹ̀bùrú Ti Mọ Ọ̀nà: Ìkàfún àti Ọ̀rọ̀ Àwọn Ará Chagos

Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ìyá méjì tí wọ́n bí sí erékùṣù Diego Garcia ní Chagos, láàárín òkun Íńdíà, tí wọ́n ti di ọmọ onílùú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí, mú kí ilé ẹjọ́ London jí lóru. Adájọ́ kan gbà fún wọn pé kí ìjọba ṣì dáwọ́ dúró ná. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, adájọ́ mìíràn ti wọ́gi lé àṣẹ náà, kí ilẹ̀ sì tó ṣú, Keir Starmer, olórí ìjọba, ti tọwọ́ bọ àdéhùn pẹ̀lú Mauritius. Àdéhùn náà ní Mauritius ni yóò ni àṣẹ lórí gbogbo erékùṣù Chagos, ṣùgbọ́n ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yóò máa yá Diego Garcia lò fún ọdún 99 nítorí ibùdó ológun tí Amẹ́ríkà ní síbẹ̀. Owó ilẹ̀ náà jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 101 pọ́ùn lọ́dún. Ìjọba méjì jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀ parí. Àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ wà ní ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn.

Láti ìgbà náà ni Ìkàfún, ọ̀kan nínú odù Ifá, kò ti kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tó bá ń bá awo rìn ti mọ ẹsẹ tí mò ń wí, ti àwọn àgbà mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ń lọ sí Ilé-Ifẹ̀ lọ tọrọ ẹ̀mí gígùn. Ifá ní wọn yóò dàgbà, wọn yóò darúgbó, bí wọ́n bá lè pa ìkìlọ̀ mọ́. Ìkìlọ̀ náà pọ̀. Èyí tó kan èsúrú ni gbogbo ayé fẹ́ràn, àti èyí tó kan ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ tó fẹ́ wọ odò. Ọ̀kan wà tí a máa ń kà kọjá, òun ni mo sì fẹ́ dúró lé lórí: pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọdọ̀ gba ẹ̀bùrú dé ilé Àkàlà. Àwọn àgbà náà gbọ́, wọn kò gbà. Nígbà tí ikú wá ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní Ọ̀rúnmìlà ló ń pa àwọn. Ọ̀rúnmìlà ní ọwọ́ òun kọ́.

Ìtumọ̀ tí a sábà ń gbọ́ ni pé ọ̀rọ̀ ìwà láàárín awo nìyẹn: ẹni tí kò tíì tẹfá kò gbọdọ̀ yọ́ wọ ibi tí awo wà. N kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí Ifá ń kìlọ̀ fún. Àgbà ni wọ́n. Bí àlejò tí kò mọ ilé bá já sí ẹ̀yìnkùlé wa, a ó kàn júwe iwájú ilé fún un ni, a kò ní bá a jà. Àgbà tó mọ ojúlé, tó mọ onílé, tó mọ ohun tí wọ́n ń béèrè lẹ́nu ọ̀nà, tó wá mọ̀ọ́mọ̀ yà sí ẹ̀bùrú, ohun kan wà tí kò fẹ́ kí onílé bi òun. Ẹni tó gba ẹ̀bùrú ti mọ ọ̀nà. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ti wúwo nìyẹn: kò lè padà wá sọ pé òun kò mọ̀.

Awo kan tí mo bọ̀wọ̀ fún bá mi wí lórí èyí. Ó ní nígbà ogun, ẹ̀bùrú ló ń gba ẹ̀mí là, pé bí gbogbo ẹ̀bùrú bá jẹ́ èèwọ̀, àwọn ìlú wa mélòó kan ni kì bá ti sí mọ́. Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ àwọn tó gba ẹ̀bùrú nígbà ogun ń gbé ará ilé sá fún ikú ni. Èyí tí Ifá kọ̀ ni ti ẹni tó ń wọlé onílé, tí kò fẹ́ kí onílé rí òun. Ìyàtọ̀ yẹn ni mo fi ń wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Chagos.

Láti ọdún 1960 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti pinnu pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé lára ilẹ̀ tó ń gba òmìnira. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ nípa ìpinnu yìí dáadáa. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 1965, nígbà tí Mauritius ń múra òmìnira tó gbà ní 1968, wọ́n gé Chagos kúrò lára rẹ̀. Wọn kò ṣe é ní òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin jíròrò lé lórí. Àṣẹ Ọbabìnrin nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀ ni wọ́n lò. Ìjọba ló ń kọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, Ọbabìnrin kàn ń gbà á wọlé ni. Wọ́n fún Mauritius ní mílíọ̀nù 3 pọ́ùn. Amẹ́ríkà náà san tirẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ aṣọ ló ti san án: ó dín mílíọ̀nù 14 dọ́là kù nínú owó ohun ìjà Polaris tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń rà, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà kò sì mọ̀ sí i títí di nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà.

Ènìyàn ń gbé ibẹ̀. Ẹrú tí àwọn Faransé kó láti Madagascar àti Mozambique wá sí oko àgbọn ni babańlá ọ̀pọ̀ wọn, láti ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Àwọn ará Íńdíà dé lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní èdè Creole tiwọn, wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ibi tí wọ́n ń sin òkú sí. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, abala 73, sì ní kí ẹni tó bá ń ṣe àkóso irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ máa jábọ̀ nípa wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní London kò fẹ́ jábọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n pinnu ni pé àwọn yóò máa sọ pé kò sí onílẹ̀ níbẹ̀, pé lébìrà oko ni gbogbo wọn, wọ́n kàn wá ṣiṣẹ́ ni. Ìwé tí wọ́n kọ síra wọn ní 1966 ti wà ní gbangba fún gbogbo ayé láti rí. Ọ̀gá kan nínú wọn fi àwọn ará erékùṣù náà ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀, ó fi wọ́n wé àwọn ará inú igbó tí wọ́n ń kọ ìtàn àlọ́ nípa wọn. Ẹni tó ń fi àwọn ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́ ti rí wọn. Kò sí ibi tí ìkìlọ̀ Ìkàfún ti bá ọ̀rọ̀ mu tó ibẹ̀ yẹn.

Láàárín 1968 sí 1973 ni wọ́n kó wọn kúrò. Ẹlòmíràn lọ sí Mauritius lọ gba ìtọ́jú, nígbà tó fẹ́ padà, wọ́n ní kò sí ọkọ̀ mọ́. Ní Diego Garcia, lọ́dún 1971, wọ́n kó ajá àwọn ènìyàn náà sínú ilé tí wọ́n ti ń gbẹ àgbọn, wọ́n tì í pa, wọ́n sì fi èéfín ọkọ̀ pa wọ́n mọ́ ibẹ̀. Bruce Greatbatch, gómìnà Seychelles, ló pàṣẹ ìpakúpa yẹn. Ní Peros Banhos, Liseby Elysé wọ ọkọ̀ Nordvaer ní oṣù Kẹrin ọdún 1973. Nǹkan bí ọmọ ogún ọdún ni, oyún oṣù mẹ́rin wà nínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague ní 2018, nínú fídíò tí wọ́n gbé kalẹ̀ níwájú àwọn adájọ́, ní èdè Creole: ìrìn àjò ọjọ́ mẹ́rin, èrò kún ọkọ̀ dẹ́múdẹ́mú, ọmọ náà kò sì yè. Ó ní òun kò mọ̀wé, kò kọ nǹkan kan, ó kàn ń sọ ohun tójú rẹ̀ rí.

Àwọn kan ń bi mí pé kí ni Ifá ń wá nínú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Kátólíìkì tó wà láàárín òkun Íńdíà. N kò mọ irú Ifá tí wọ́n kọ́. Nínú èyí tí èmi gbọ́, wọ́n ń dá Ifá fún àlejò, fún ẹranko, fún igi inú igbó, kò sí ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ bi pé ọmọ ta ni. Àwọn mìíràn ní ibùdó ológun náà ń dáàbò bo ayé. Bóyá. Peros Banhos jìnnà sí Diego Garcia tó 200 kìlómítà ó lé. Ìbọn wo ni wọ́n gbé síbẹ̀ tí wọn kò fi lè jẹ́ kí Liseby Elysé bímọ sí ilé rẹ̀?

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2000, Olivier Bancoult, aṣáájú kan láàárín àwọn ará Chagos, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ jàre nílé ẹjọ́ London. Ilé ẹjọ́ ní òfin tó lé wọn kúrò kò bófin mu. Robin Cook, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, kò pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ojúlé ṣí sílẹ̀ nígbà yẹn. Nígbà tó di ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2004, lọ́jọ́ tí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dìbò, ìjọba tún gba ẹ̀bùrú: Àṣẹ Ọbabìnrin méjì jáde, wọ́n tún gba ẹ̀tọ́ ìpadàbọ̀ wọn lọ́wọ́ wọn, aṣòfin kankan kò jíròrò rẹ̀. Ní 2008, adájọ́ mẹ́ta nínú márùn-ún ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gbè sẹ́yìn ìjọba. Ọ̀nà kan náà tí wọ́n gbà ní 1965 ni wọ́n gbà ní 2004, nígbà tí kò sí ẹni tó lè sọ mọ́ pé òun kò mọ̀ pé ènìyàn ti gbé ibẹ̀ rí.

Nígbà tí ìyà wá ń dé, ta ni wọ́n ń nàka sí? Ní 2019, Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé, adájọ́ 13 sí ẹnì kan, sọ pé gígé tí wọ́n gé Chagos kò bá òfin mu, kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì kúrò níbẹ̀ kíákíá. Nàìjíríà wà lára àwọn tó lọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ní 2018, inú mi sì dùn sí i. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, orílẹ̀-èdè 116 dìbò ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kúrò láàárín oṣù mẹ́fà, mẹ́fà péré ló kọ̀. London ní ìmọ̀ràn lásán ni ilé ẹjọ́ náà gbà wọ́n. Nígbà tí àdéhùn 2025 dé, ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative ń pariwo pé Labour ti Starmer ta ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìjọba tiwọn ló bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò pẹ̀lú Mauritius ní 2022. Labour Harold Wilson ló gé ilẹ̀ náà, Conservative Edward Heath ló kó èyí tó pọ̀ nínú àwọn ènìyàn kúrò, Labour Tony Blair ló tún ilẹ̀kùn tì. Kò sí ẹgbẹ́ kankan nínú wọn tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ olúkúlùkù ń wá Ọ̀rúnmìlà tí yóò di ẹ̀bi rù.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń jà fún òmìnira ilẹ̀ Áfíríkà ní kí n fi Mauritius sílẹ̀, pé ará wa ni. N kò ní fi í sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ náà dá mi lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé 650,000 pọ́ùn fún un ní 1972 láti fi tọ́jú àwọn tí wọ́n lé, ó tó nǹkan bí ọdún márùn-ún kí owó náà tó dé ọwọ́ wọn, nígbà tí wọ́n ń gbé nínú ìṣẹ́ ní Port Louis. Ẹni tí wọ́n jí ilẹ̀ rẹ̀ gbé náà lè gba ẹ̀bùrú kọjá ẹlòmíràn.

Àwọn ará Chagos fúnra wọn kò sì fohùn ṣọ̀kan. Bancoult fara mọ́ àdéhùn 2025. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé ní Crawley, lẹ́bàá pápá ọkọ̀ òfuurufú Gatwick, lòdì sí i. Àwọn tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tán kíákíá ń fi èyí ṣe àwáwí pé kò sí ohùn kan tí ìjọba ìbá gbọ́. Àwọn ọmọ ilé kan lè máa jiyàn títí di ọ̀la. Ìyẹn kò sọ ẹ̀yìnkùlé wọn di ọ̀nà àlejò. Wọn ì bá dìbò, ní Crawley, ní Port Louis, ní Seychelles, kí ìjọba sì ka ìbò náà lójú gbogbo ayé kí wọ́n tó gbé gègé. Wọn kò ṣe é.

Àdéhùn náà fún Mauritius láyè láti dá àwọn ènìyàn padà sí àwọn erékùṣù tó kù. Fún ẹni tó ti Peros Banhos wá bíi Liseby Elysé, nǹkan gidi nìyẹn, mi ò ní fojú kéré rẹ̀. Diego Garcia kò sí nínú rẹ̀. Ìyá méjì tó lọ sílé ẹjọ́ lóru ọjọ́ náà, ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí, ọdún 99 ni àdéhùn náà sì ní kí wọ́n fi yá a.