Fíríìjì Tó Bàjẹ́: Ta Ló Máa San Ìyókù?

Ọjọ́ tí fíríìjì bá kọ̀ tí kò tutù mọ́, ilé máa ń pín sí méjì. Àwọn kan á ní ká pe ẹnjiníà, àwọn kan á ní ká gbé e sọnù, ká ra tuntun. Ni wọ́n á bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò owó. Ìlànà kan tiẹ̀ wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń tẹ̀ lé: bí owó àtúnṣe bá ti ju ìdajì owó tuntun lọ, má wulẹ̀ tún un ṣe. Ìlànà yẹn rọrùn, ó sì wúlò. Ohun tó ń dà mí láàmú nípa rẹ̀ ni pé owó tó máa jáde lápò tiwa nìkan ló ń kà. Àwọn míì wà tó máa san nínú owó yẹn, a ò sì pè wọ́n sí ìpàdé.

Ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ mọ ohun tó bàjẹ́ ná. Fíríìjì kì í ṣe ohun àwámáridìí. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ló ń ti gáàsì yí po nínú páìpù. Gáàsì yẹn á gba ooru inú fíríìjì, á lọ dà á sí ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi máa ń gbóná. Nígbà míì, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ló ti gbó, tí ooru ìta ń ráyè wọlé. Nígbà míì, thermostat ni, tàbí relay kékeré tó ń ta kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ jí. Owó kékeré ni gbogbo ìyẹn. Àmọ́ bí iná tó ń lọ sókè sódò bá ti jó kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ńlá.

Ti gáàsì ni wọ́n fi máa ń rẹ́ wa jẹ jù. "Gáàsì ti tán." Ẹ gbọ́ o, gáàsì fíríìjì kì í tán bí epo mọ́tò. Kò sí ohun tó ń jó o. Inú páìpù tí wọ́n dí pa ló wà, ibẹ̀ ló sì yẹ kó wà títí fíríìjì á fi darúgbó. Tó bá dín kù, ihò wà níbì kan. Ẹni tó bá rọ gáàsì sí i láìwá ihò náà, kò tún nǹkan kan ṣe. Ó kàn bá ìṣòro yẹn dá ọjọ́ tó máa padà wá ni.

Iṣẹ́ sọ́fítíwíà tí mò ń ṣe ti jẹ́ kí n mọ irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa. Server á máa kú lóru. Dípò ká wá ohun tó ń pa á, a ó kọ ètò kékeré kan tí á máa jí i láràárọ̀. Iṣẹ́ wa tún ní àìsàn kejì: bí kóòdù bá ti gbó díẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á ní ká da gbogbo ẹ̀ nù, ká kọ òmíràn. Ilé iṣẹ́ Netscape ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń parí lọ. Ní 2000, Joel Spolsky kọ àròkọ kan tí àwa oníkóòdù ṣì ń tọ́ka sí, ó ní kò sí àṣìṣe tó burú tó yẹn. Àwọn ìlà tó rí wúruwùru nínú kóòdù àtijọ́, ojú àpá ìṣòro tí ẹnì kan ti yanjú ni. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Síbẹ̀, àfiwé yẹn ní ibi tó mọ. Kóòdù kì í dógùn-ún, irin ń dógùn-ún. Fíríìjì ogún ọdún lè máa jẹ iná ju ti òde òní lọ, kí owó tí a rò pé a fi àtúnṣe pa mọ́ máa gba inú mítà jáde.

Nígbà tí fíríìjì ìyá mi kọṣẹ́ n'Íbàdàn, àwa ọmọ ti fẹnu kò lórí WhatsApp pé ká ra tuntun fún wọn. Màmá ní, "Ẹ ṣeun o. Èyí tó wà nílẹ̀ yìí ńkọ́?" Àbúrò mi ní àwọn tó ń ra irin á wá gbé e. Wọ́n ní, "Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?" Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ìdáhùn wà. Ẹni tó rà á á gé páìpù kó lè yọ bàbà inú rẹ̀ tà, gáàsì á sì fẹ́ lọ sójú ọ̀run. R12 ni ọ̀pọ̀ fíríìjì àtijọ́ ń lò, ó sì ń ba ozone tó ń gbà wá lọ́wọ́ oòrùn jẹ́. Torí òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe fọwọ́ síwèé ní Montreal lọ́dún 1987. R134a tó rọ́pò rẹ̀ kì í ba ozone jẹ́, ṣùgbọ́n kílò kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná ju kílò kan carbon dioxide lọ ní ìlọ́po tó lé ní 1,000. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lè dáná sun wáyà àti fóòmù, kí ẹni tó ń ṣa irin máa fa èéfín rẹ̀ símú.

A máa ń ní "gbé e sọnù". Ohun tó sọnù ni ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí mọ́. Fíríìjì kì í sọnù. Àwa gan-an ló yẹ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù, torí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó wà ní Alaba, ẹnì kan ní òkè òkun ló ti gbé e sọnù. Lọ́hùn-ún, ó ti lọ. Níbí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.

Mi ò wá sọ pé àtúnṣe nìkan ni ìwà rere o. Ẹni tó ń tọ́jú insulin nílò fíríìjì tó máa dúró láàárín 2°C sí 8°C, kì í ṣe èyí tó ń kú tó ń jí. Ẹja tó bàjẹ́ lọ́jọ́ kan lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́ja lè ju owó àtúnṣe lọ. Bí tálákà bá sì tún fíríìjì kan ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin torí owó tuntun ò pé lẹ́ẹ̀kan, ẹ má pe ìyẹn ní ọgbọ́n ìṣúnná, àìní ni. Ẹni tó sì mọ̀ pé tòun ń jò, tó tà á fún aládùúgbò láìsọ, ó ti gbé ẹrù tirẹ̀ rù wọ́n. Ọmọlúàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti Màmá, ẹnjiníà rí ihò lẹ́yìn rẹ̀, ó jó o pa kó tó rọ gáàsì, owó rẹ̀ ò sì tó ìdá márùn-ún tuntun. Ká ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ló jóná ni, à bá ra tuntun, ọkàn mi ò sì ní dá mi lẹ́bi. Ṣùgbọ́n à bá wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń fa gáàsì àtijọ́ sínú sìlíńdà, tó sì lè yọ ohun tó ṣì dára lára rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹ ṣírò owó yín, kò burú. Tí ẹ bá ti ka èyí tí ẹ̀yin máa san tán, ẹ bi ara yín léèrè ta ló máa san ìyókù, àti bóyá ẹni náà tiẹ̀ mọ̀ pé òun ń san nǹkan kan.