Olùwádìí Ọ̀ràn àti Ọjọ́ Ìrántí

Ìbéèrè kan wà tí àwa mélòó kan ti ń bá ara wa fà láti ìgbà díẹ̀ wá, mo sì rò pé ó tọ́ kí n gbé e wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wádìí ọ̀ràn, láti bèèrè ẹni tí ó dá a, bí ó ti dá a, àti ìdí tí ó fi dá a, ǹjẹ́ ó yẹ kí ó bá àwọn ará ìlú rẹ̀ kọrin, kí ó sì bá wọn ru òdòdó ní ọjọ́ ìrántí orílẹ̀-èdè?

Ohun tí ó bí ọ̀rọ̀ yìí ni ìròyìn tí a kà nípa ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilẹ̀ Bangladesh, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ fún ìwádìí ìwà ọ̀daràn. Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì níbẹ̀. Ní Yunifásítì Mawlana Bhashani tí ó wà ní Tangail, ẹ̀ka kan wà tí a ti ń kọ́ nípa ìwà ọ̀daràn àti iṣẹ́ ọlọ́pàá. Yunifásítì Dhaka náà sì ní ẹ̀ka ti rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wo ohun tí ẹgbẹ́ yìí fi ọdún wọn ṣe, ẹnu yà wá. Olè, jìbìtì àti ọ̀gbà ẹ̀wọ̀n ni a ń retí láti kà nípa rẹ̀; ohun tí a bá níbẹ̀ ni ọjọ́ èdè abínibí, ọjọ́ òmìnira, ọdún tuntun àwọn Bengali, àti ọjọ́ ìṣẹ́gun. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ ìmọ̀ òfin rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò bá ń ṣe ọdún egúngún, òun kò ní wí nǹkan kan, nítorí pé ìṣirò àti egúngún kò jọ ní ẹjọ́. Ṣùgbọ́n olùwádìí ọ̀ràn dà bí adájọ́, adájọ́ kì í sì í bá olùpẹ̀jọ́ jó.

Èmi kò gbà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe èyí tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Kí a tó lè dá a lóhùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó wà nínú àwọn ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọjọ́ 21 oṣù Kejì. Ní ọdún 1947, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi Índíà sílẹ̀, ni a dá Pakístánì sílẹ̀. Apá méjì ni ó ní, ọ̀kan ní ìwọ̀-oòrùn, èkejì ní ìlà-oòrùn, gbogbo ilẹ̀ Índíà sì wà láàárín wọn. Àwọn tí ń sọ èdè Bengali ju ìlàjì gbogbo ará orílẹ̀-èdè náà lọ, ní ìlà-oòrùn ni wọ́n sì ń gbé. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹta ọdún 1948, Muhammad Ali Jinnah tí ó jẹ́ olórí wọn dúró ní Dhaka, ó sì wí fún wọn ní ojú wọn pé Urdu nìkan ṣoṣo ni yóò jẹ́ èdè ìjọba. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n, wọn kò sì gbé e mì.

Nígbà tí ó di ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 1952, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ péjọ sí ọgbà Yunifásítì Dhaka. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, ìjọba ti ka ìpéjọ àti ìwọ́de léèwọ̀, ní abẹ́ apá 144 nínú ìwé òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1898. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú. Wọ́n jíròrò lé e lórí, àwọn kan tilẹ̀ ní kí wọ́n máà rú òfin, ṣùgbọ́n wọ́n pinnu níkẹyìn pé àwọn yóò rú u. Nígbà tí ó di ọ̀sán, ọlọ́pàá yin ìbọn lù wọ́n lẹ́bàá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Abul Barkat tí ó kú níbẹ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣèlú. Abdus Salam tí ọta ìbọn bà jẹ́ ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba. Ó tó nǹkan bí oṣù kan àbọ̀ kí ó tó kú. Shafiur Rahman tí wọ́n yìnbọn fún ní ọjọ́ kejì jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ gíga. Ẹ wò ó bí ọ̀ràn ti rí: ẹni tí ń jẹun lábẹ́ òfin kú láti ọwọ́ àwọn tí ń ṣọ́ òfin.

Ìjọba wá ní kí a wádìí. Adájọ́ Ellis, adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga Dhaka, ni a gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ní ọdún kan náà pé ìbọn tí ọlọ́pàá yìn tọ́. Ìwádìí ọ̀ràn ni èyí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi! Adájọ́ ni ó ṣe é, kò kọrin, kò ru òdòdó, kò bá olùpẹ̀jọ́ jó. Bí a bá fi ojú ìwé òfin nìkan wò ó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni arúfin ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1956, ìwé òfin ilẹ̀ Pakístánì gba Bengali gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú èdè ìjọba. Ní ọdún 1999, àjọ UNESCO sọ ọjọ́ 21 oṣù Kejì di ọjọ́ èdè abínibí fún gbogbo ayé, àwa náà ní àwọn yunifásítì wa a sì máa fi ewì àti ìjálá ṣe é lọ́dọọdún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ nínú wa ni ó lè dárúkọ ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn tí ó kú.

Níbo ni ẹ̀kọ́ nípa ìwà ọ̀daràn ti lè bẹ̀rẹ̀ tí ó dára ju ibẹ̀ lọ? Ta ni ọ̀daràn ní ọjọ́ náà? Ṣé ẹni tí ó rú òfin ni, àbí ẹni tí ó fi òfin pànìyàn? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá bọ́ bàtà rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, tí ó bá àwọn ènìyàn rìn lọ sí Shaheed Minar, ọwọ̀n tí a gbé ró fún àwọn tí ó kú, tí ó sì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn, kò tíì kúrò nínú kíláàsì rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní bí a ti ń sunkún, a máa ń ríran. Ohun tí ọ̀rẹ́ mi ń bẹ̀rù ni pé omijé yóò dí ojú olùwádìí. Ìbẹ̀rù náà tọ́. Ṣùgbọ́n ojú Ellis gbẹ, kò sì ríran.

Nítorí náà, ní tèmi, bí ó yẹ kí wọ́n bá ìlú ṣe ọjọ́ ìrántí kì í ṣe ìjà. Ohun tí wọn yóò mú lọ síbẹ̀ ni ìjà. Bí ó bá jẹ́ pé òdòdó nìkan ni wọ́n ń mú lọ, bí àwọn yòókù ti ń ṣe, a jẹ́ pé ọ̀rẹ́ mi ni ó jàre.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá wọ́n ń rántí àwọn ọ̀mọ̀wé, dókítà àti oníwèé ìròyìn tí a kó láti inú ilé wọn ní ọdún 1971, tí a di lójú, tí a sì pa, tí a wá rí òkú wọn ní Rayerbazar àti Mirpur. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ ogun Pakístánì túúbá ní Dhaka. Èyí ni ọjọ́ ìṣẹ́gun. Ìjọba Bangladesh ní àwọn tí ó kú nínú ogun náà tó mílíọ̀nù mẹ́ta. Àwọn onímọ̀ mìíràn ní iye wọn kéré sí bẹ́ẹ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ olùwádìí ni láti lè bèèrè iye náà ní ọjọ́ ìrántí gan-an, kí ẹnikẹ́ni má sì pè é ní ọ̀tá, nítorí pé bí iye náà bá tilẹ̀ kéré, ọ̀ràn náà kò fi bẹ́ẹ̀ kéré. Ó tún yẹ kí ó lè dárúkọ àwọn tí ń sọ Urdu, tí a ń pè ní Bihari, nítorí pé àwọn Bengali pa nínú àwọn náà ní ọdún 1971. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá le jù lójú mi ni ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ. Ní ọjọ́ náà ní ọdún 1975, àwọn ọmọ ogun kan wọ ilé Sheikh Mujibur Rahman, ààrẹ orílẹ̀-èdè náà, wọ́n pa á, wọ́n sì pa ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ní ọdún kan náà ni àwọn tí ó gba ìjọba ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe àwọn apànìyàn náà lẹ́jọ́. Òfin yìí wà títí di ọdún 1996. Nígbà náà ni ẹgbẹ́ Mujib padà dé orí àlééfà, tí ọmọbìnrin rẹ̀, Sheikh Hasina, di olórí ìjọba, tí wọ́n pa òfin náà rẹ́, tí wọ́n sì sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ ọ̀fọ̀ gbogbo ìlú. Ní ọdún 2002, ìjọba mìíràn fagi lé ọjọ́ ọ̀fọ̀ náà. Ní ọdún 2008, ó padà. Ní oṣù kìíní ọdún 2010, a so márùn-ún nínú àwọn apànìyàn náà kọ́.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 2024 dé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún jáde, lórí bí a ṣe ń pín iṣẹ́ ìjọba. Ìjọba Hasina yìí kan náà kéde kónílé-ó-gbélé, ìbọn sì tún dún. Ìròyìn tí ọ́fíìsì ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní oṣù Kejì ọdún 2025 sọ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn tí ó kú láàárín ọjọ́ 1 oṣù Keje àti ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ tó 1,400, àti pé ọwọ́ àwọn agbófinró ni ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn kú sí. Hasina sá lọ sí Índíà. Kí oṣù náà tó parí, àwọn tí ó gba ìjọba ti yọ ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ kúrò nínú ìsinmi gbogbo ìlú.

Mo bèèrè lọ́wọ́ yín: ọmọ ọdún mẹ́wàá tí a pa ní ọdún 1975, ṣé ó jíǹde ní ọdún 2002? Ṣé ó tún kú ní ọdún 2008? Mo mọ ìdí tí inú fi bí àwọn ènìyàn. Ìjọba Hasina ti fi òkú bàbá rẹ̀ ṣe apata fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ó bá sì ta ko ìjọba ni wọ́n ń pè ní ọ̀tá òkú. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ tí ọmọ ṣẹ̀ ní ọdún 2024 kò lè sọ pípa tí a pa àwọn òbí rẹ̀ di ohun tí kì í ṣe ọ̀ràn, bẹ́ẹ̀ ni pípa tí a pa àwọn òbí rẹ̀ kò lè sọ ikú àwọn ọ̀dọ́ ọdún 2024 di kékeré. Kàlẹ́ńdà ń tẹ̀lé ẹni tí ó wà lórí oyè. Bí ẹgbẹ́ olùwádìí ọ̀ràn bá ń ka ọjọ́ ìrántí rẹ̀ láti inú ìwé ìsinmi ìjọba, ìránṣẹ́ ìjọba ni, kì í ṣe olùwádìí. Mo mọ̀ pé ó rọrùn fún èmi tí mo jókòó sí ilẹ̀ Yorùbá láti sọ bẹ́ẹ̀. Ní Dhaka, ẹni tí ó bá rántí òkú tí kò sí ní àkókò lè fi ara gba òkò. Síbẹ̀ èmi kò rí ohun mìíràn tí ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè tìtorí rẹ̀ wà.

Ó ku ọdún tuntun, Pohela Boishakh, tí wọ́n ń ṣe ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin. Ayọ̀ ni tirẹ̀, orin àti aṣọ funfun onípupa. Àwọn oníṣòwò a máa ṣí ìwé gbèsè tuntun ní ọjọ́ náà. Wọn a ránṣẹ́ pe àwọn oníbàárà wọn, wọn a fún wọn ní ohun dídùn jẹ, àwọn oníbàárà a sì san gbèsè. (Àwọn ìyálọ́jà wa yóò fẹ́ràn àṣà yìí bí wọ́n bá gbọ́ ọ.) Kí ni olùwádìí ọ̀ràn ń wá níbẹ̀? Mo fẹ́ kí ó kọ́kọ́ wá ayọ̀, nítorí ọmọ ìlú ni òun náà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2001, bọ́ǹbù bú ní Ramna níbi tí wọ́n ti ń kọrin ọdún, ènìyàn mẹ́wàá sì kú. Ó di ọdún 2014 kí kóòtù tó dá ẹjọ́ náà. Ní ọdún 2015, ní ẹ̀bá Yunifásítì Dhaka, àwọn ọkùnrin ṣùrù bo àwọn obìnrin nínú èrò ọdún, wọ́n fà wọ́n láṣọ ya. Wọn kì í ṣe ọmọ ogun Pakístánì, wọn kì í ṣe ìjọba kankan. Ara èrò ọdún ni wọ́n. Ọlọ́pàá wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ayàwòrán wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ náà lè jáde ní ọdún tí ń bọ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun onípupa lọ́rùn wọn, kí wọ́n kọ ibi tí iná kò sí sílẹ̀, ibi tí ọ̀nà ti há, ibi tí ọlọ́pàá dúró sí àti ibi tí ó yẹ kí ó dúró sí, kí wọ́n bi àwọn obìnrin léèrè ibi tí ẹ̀rù ti ń bà wọ́n, kí wọ́n sì fi ìwé náà lé àwọn aláṣẹ lọ́wọ́ kí ọdún tó tún yí po.