Ẹran Tí A Ó Pa, Ǹjẹ́ Ó Ní Ẹ̀tọ́ Lọ́rùn Wa?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Un, Ẹni tí ó dá ènìyàn, tí ó sì tẹ orí ẹran ọ̀sìn ba fún un. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀, Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, a gba ara wa àti ẹ̀yin náà níyànjú pé kí á bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí wà ní ẹ̀yìnkùlé ọ̀pọ̀ nínú wa: ewúrẹ́ tí ìyá ilé so mọ́ èèkàn, àgbò tí baálé ilé ń sìn de Iléyá, àti adìyẹ tí àwọn ọmọ ń dé sábẹ́ àgò ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí a bá ń gba ènìyàn níyànjú lórí ìtọ́jú wọn, èsì kan wà tí a sábà máa ń gbọ́: "Ààfáà, ẹran tí a ó pa jẹ náà ni! Bí ebi pa á lónìí, tí òùngbẹ gbẹ ẹ́ lọ́la, kí ni ó bàjẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀bẹ ni yóò parí ọ̀rọ̀ rẹ̀?" Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí a lè fi ẹ̀rín lé lọ. Ẹ jẹ́ kí á fi ẹ̀rí dá a lóhùn.

Àkọ́kọ́ ni pé kí á mọ ẹni tí ó ni ẹran. Owó wa ni a fi rà á lọ́jà, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó fi ẹ̀mí sí i lára. Nínú Súrà An-Nahl, Ọlọ́hun ka ẹran ọ̀sìn mọ́ ìdẹ̀ra tí Ó ṣe fún wa: ohun tí a fi ń lé òtútù lọ wà lára wọn, oúnjẹ wà lára wọn, wọ́n sì ń ru ẹrù wa lọ sí ìlú tí ọ̀nà rẹ̀ jìn. Nínú Súrà Al-An'ām, Ó fi yé wa pé ìjọ bíi tiwa ni gbogbo ohun tí ń rìn lórí ilẹ̀ àti ẹyẹ tí ń fi apá fò. A jẹ́ pé àmáánà ni wọ́n lọ́wọ́ wa. Ẹni tí a fi nǹkan pamọ́ sí lọ́wọ́ kì í lò ó bí ó ti wù ú. Bí ẹni tí ó ni ín bá ṣe wí ni yóò ṣe lò ó.

Èkejì ni pé àṣẹ pípa yàtọ̀ sí àṣẹ ìfìyàjẹ. Bísímílláì tí a ń ṣe kí á tó dúńbú ẹran, ìjẹ́wọ́ ni: à ń sọ pé ẹ̀mí yìí kì í ṣe tiwa, Ẹni tí ó ni ín ni ó yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa. Nínú hádíìsì tí Muslim gbà wá, Ànábì wa kọ́ wa pé Ọlọ́hun ti ṣe dáadáa ṣíṣe ní ọ̀ranyàn nínú ohun gbogbo, títí kan ẹran pípa; kí á pọ́n ọ̀bẹ wa dáadáa, kí á sì mú ìrọ̀rùn bá ẹran tí a fẹ́ pa. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ènìyàn wa. Bí Ọlọ́hun bá ka ìṣẹ́jú kan tí ẹran lò lábẹ́ ọ̀bẹ sí, báwo ni kò ṣe ní í ka oṣù mẹ́fà tí ó lò nídìí èèkàn sí?

Ẹ̀kẹta ni pé ẹran tí kò lè sọ̀rọ̀ ní Ẹni tí ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbọ́ ìtàn obìnrin tí ó wọ iná nítorí ológbò tí ó há mọ́lé títí ebi fi pa á kú. Abu Dawud náà gba ìtàn ràkúnmí kan wá. Ànábì wọ inú ọgbà ará Ànsáárì kan, ràkúnmí tí ó wà níbẹ̀ rí i, ó ké, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ànábì fi ọwọ́ pa á lórí títí ó fi dákẹ́, ó sì béèrè olówó rẹ̀. Nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin náà jáde, ó ní kí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun lórí ẹran tí Ọlọ́hun fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, nítorí ó ti fẹjọ́ sùn pé ebi ni ó fi ń pa òun, iṣẹ́ sì ti pọ̀ jù fún òun. Kò sí aládùúgbò kankan tí ó fẹjọ́ ọmọkùnrin yìí sùn. Ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé wa kò lè rí Ànábì sunkún sí lónìí, ṣùgbọ́n Ọlọ́hun tí ó gbọ́ ti ràkúnmí ọjọ́ náà kò dití.

Nítorí náà, kí á wo ìwà wa. Okùn kúkúrú nínú oòrùn ọ̀sán, abọ́ omi tí ó ti gbẹ láti àná, àgbò tí a dì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà tí orí rẹ̀ ń fì, adìyẹ tí a so lẹ́sẹ̀ pọ̀ tí a sì gbé kọ́ dorí kodò, ẹran tí a ń pa lójú ẹran ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: gbogbo rẹ̀ ni a ó dáhùn fún. Àwọn àgbà wa pàápàá sọ pé ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò.

Ẹlòmíràn yóò ní òun kò so tòun, òun tú u sílẹ̀ kí ó máa wá oúnjẹ kiri. Ta ni ó ni ẹ̀gẹ́ tí ó ń jẹ? Ta ni ó ni èlùbọ́ tí ó dà nù? Súrà Al-Anbiyā' sọ fún wa pé Ànábì Dáúdà àti Ànábì Sulaimọ́nù jókòó dá ẹjọ́ àgùntàn tí ó wọ oko olóko lóru. Ẹni tí ó tú ẹran rẹ̀ sílẹ̀ láti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀tọ́ ẹran ti kó ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì sọ́rùn.

Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká ẹran mẹ́ta, kí ó sìn ẹyọ kan. Ẹni tí ó ń sìn ín, kí ó bomi fún un kí òun náà tó jẹun alẹ́. Bí Iléyá bá sì dé, kí á rántí ohun tí Súrà Al-Hajj kọ́ wa: ẹran àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun, ìbẹ̀rù Rẹ̀ tí ó wà lọ́kàn wa ni ó ń dé ọ̀dọ̀ Rẹ̀. Ọjọ́ tí a so okùn mọ́ ẹran lọ́rùn ni ìbẹ̀rù náà ti bẹ̀rẹ̀. Kò yẹ kí ó dúró de ọjọ́ ọ̀bẹ.

Kí Ọlọ́hun fi àánú sí wa lọ́kàn sí gbogbo ohun tí Ó fi sí ìkáwọ́ wa, kí Ó fi àlùbáríkà sí ọ̀sìn wa, kí Ó má ṣe jẹ́ kí ẹran tí a sìn bá wa ṣe ẹjọ́ ní Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Àmín.